Omi inú ìgò kò lè yí jíìnì igi tíì padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ní oko tíì díẹ̀ ní Kakara, lórí òkè Mambilla. Ewé tíì rẹ̀ ń pọ́n, kò sì rúwé dáadáa mọ́. Ẹnì kan wá ń ta omi kan fún un, lítà kan péré fún hẹ́kítà kan. Ó ní omi náà ń yí jíìnì tíì padà, pé igi á máa fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì ní nílò ajílẹ̀ mọ́ láé. Ó tún fi ìwádìí àwọn ará Ṣáínà hàn án, pé bí náítírójìn bá yí padà, jíìnì tíì náà ń yí padà. Ṣé kí ó rà á? Tí kò bá sì ní rà á, ajílẹ̀ wo ni kó lò?

Ìdáhùn: Kó má rà á.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi orúkọ sáyẹ́ǹsì gbowó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìwádìí tí ọkùnrin yẹn fi hàn àbúrò yín lè jẹ́ òótọ́, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní Ṣáínà àti Japan. Ìtumọ̀ tó fún un ni irọ́.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣe nìyí. Wọ́n á gbin ọ̀dọ́ igi tíì sínú omi tí wọ́n po oúnjẹ ewéko sí, wọ́n á yọ náítírójìn kúrò nínú omi náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún dá a padà. Láàárín wákàtí sí wákàtí, wọ́n á máa gé gbòǹgbò àti ewé, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì ka RNA inú rẹ̀. RNA ni iṣẹ́ tí jíìnì kan rán jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Iye RNA yìí ló ń lọ sókè sódò nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyẹn. Jíìnì fúnra rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí igi náà jogún, kò yẹsẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ẹ wo àpótí aṣọ yín. Bí òtútù bá mú, ẹ ó yọ aṣọ tó nípọn síta. Bí ooru bá mú, ẹ ó dá a padà. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọyẹ́ ti yí ohun tó wà nínú àpótí padà. Náítírójìn kò lè yọ ju ohun tó ti wà nínú àpótí igi tíì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, oko àbúrò yín fúnra rẹ̀ tó. Kó gé ẹ̀ka kan lára igi tó ti pọ́n yẹn, kó gbìn ín síbi tí oúnjẹ ilẹ̀ ti pé. Bí kò bá ní àrùn, yóò hù bíi ti àwọn yòókù tí wọ́n jọ wá láti ara ìyá kan náà. Ká ní ebi ti yí jíìnì rẹ̀ padà ni, ẹ̀ka náà ì bá gbé àyípadà ọ̀hún lọ síbi tuntun. (Àwọn àmì kan wà tí igi ń fi sórí jíìnì rẹ̀ nígbà ìnira tí ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́. Ìyẹn náà kì í yí àkọsílẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó ń tà á nínú ìgò.) Tíì tí jíìnì rẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́ wà: ẹ wo tíì elésè-àlùkò ti Kẹ́ńyà, TRFK 306, tí wọ́n gbé jáde ní 2011. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣà á, tí wọ́n fi gbìn ín, tí wọ́n sì tún un ṣà, kí wọ́n tó fún àgbẹ̀.

Ní ti fífa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ń rí i ṣe nítorí àwọn bakitéríà tó ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò wọn. Tíì kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò ó. Bí hẹ́kítà kan bá so tíì gbígbẹ tọ́ọ̀nù kan lọ́dún, ewé tí wọ́n já yóò ti kó náítírójìn bíi kílò 40 kúrò lóko. Àpò yúríà oníkílò 50 ní náítírójìn kílò 23 nínú. Lítà omi kan ṣoṣo, ohun yòówù kí wọ́n pò sí i, kò lè gba náítírójìn kílò kan. Níbo ni ìyókù yóò ti wá? N kò sọ pé gbogbo ajílẹ̀ olómi ni kò wúlò o. Síńkì, fún àpẹẹrẹ, wọ́n ń fọ́n ọn sí ewé tíì, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí díẹ̀ ni igi nílò.

Kí wá ni àwọn jíìnì tí RNA wọn ń lọ sókè sódò yẹn ń ṣe? Àwọn kan, tí wọ́n ń pè ní AMT, ń pèsè purotéènì tó ń gba amóníọ̀mù, irú náítírójìn kan, wọlé láti inú ilẹ̀. Àwọn NRT ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún náítíréètì, irú náítírójìn mìíràn. Tíì fẹ́ràn amóníọ̀mù ju náítíréètì lọ. Bí amóníọ̀mù bá ti wọ gbòǹgbò, jíìnì GS yóò mú kó di glutamine, àwọn jíìnì mìíràn yóò sì fi náítírójìn náà ṣe theanine, amino acid tí Sakato, ará Japan, kọ́kọ́ yọ látinú ewé tíì ní 1949. Theanine yìí ni yóò gòkè lọ sí ọ̀mùnú, òun ló sì ń fún tíì ní adùn. Bí náítírójìn bá wọ́n, theanine á dín kù, àwọn jíìnì tó ń ṣe catechin, èròjà tó ń mú kí tíì korò, á sì gbérí. Àwọn mìíràn tún wà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ewé àgbà palẹ̀, kí igi lè kó náítírójìn inú rẹ̀ lọ bọ́ ọ̀mùnú.

Ibi tí mo fẹ́ kí àbúrò yín ti là ojú rẹ̀ dáadáa nìyí, nítorí ẹ kò sọ irú ewé tó ń pọ́n. Bó bá jẹ́ ewé àgbà ìsàlẹ̀ ni, tó pọ́n látòkè délẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ náítírójìn ló wọ́n. Bó bá jẹ́ ewé tuntun òkè ló pọ́n, tí iṣan inú rẹ̀ ṣì tutù, ẹ fura sí sọ́fúrì. Ní Málàwì, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Nyasaland, àrùn ni wọ́n pe irú èyí, títí ìwádìí fi fi hàn ní 1933 pé sọ́fúrì ni kò tó nínú ilẹ̀. Yúríà kò ní sọ́fúrì rárá. Sulphate of ammonia, ajílẹ̀ mìíràn, ní in, ó sì ní náítírójìn bíi 21 nínú 100, lọ́nà amóníọ̀mù tí tíì fẹ́. Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan láì tíì rí oko yẹn, òun ni n óò yàn.

Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i, nítorí náà kí ó má fi lẹ́tà mi rọ́pò àyẹ̀wò ilẹ̀. pH ni òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ilẹ̀ ń kan sí i. pH 4.5 sí 5.5 ló bá tíì mu, sulphate of ammonia sì ń mú ilẹ̀ kan sí i. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀ ju 4 lọ, kó dúró ná, kó gba ìmọ̀ràn. Kó má da eérú tàbí láìmù (ẹfun oko), tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, sídìí tíì nítorí pé ẹnì kan ní ó dára fún àgbàdo. Tíì wà lára ohun ọ̀gbìn tí CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ń ṣèwádìí lé lórí. Wọ́n wà ní Ìdí Ayùnrẹ́ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, wọ́n sì ní ibùdó ní Kusuku lórí Mambilla. Ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti béèrè iye tó yẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Iye yòówù kí wọ́n sọ, kó pín in sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kó sì fọ́n ọn sábẹ́ igi nígbà tí ilẹ̀ tutù, kì í ṣe nígbà tí àgbàrá ń ṣàn. Kó má sì dà á jù. Ní Shizuoka ní Japan, àwọn àgbẹ̀ kan ti fi náítírójìn tó ju kílò 1,000 lọ sí hẹ́kítà kan lọ́dún nítorí adùn tíì. Ohun tí wọ́n rí ni ilẹ̀ tó kan gógó àti náítíréètì nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Tíì dúdú ni wọ́n ń ṣe ní Mambilla, àpọ̀jù náítírójìn sì ń dín agbára rẹ̀ kù nínú ife.

Bó bá ti san owó omi yẹn, kó gba owó rẹ̀ padà bó bá lè ṣe é. Bí kò bá rí i gbà, kó má tìtorí owó fọ́n ọn. Wọn kì í fọ ewé tíì kí wọ́n tó gbé e lọ sílé iṣẹ́. Ohun tó bá wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n já a, inú ife ẹlòmíràn ló ń lọ.