Àwọn Òṣìṣẹ́ Mi Rí Àṣìṣe Náà, Wọ́n sì Dákẹ́

Ìbéèrè: Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, ní Èkó, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló sì wà lábẹ́ mi. Lóṣù tó kọjá, a tẹ kàlẹ́ńdà 2,000 fún ìjọ kan, àṣìṣe sì wọ orúkọ olùṣọ́-àgùntàn wọn. Owó ara mi ni mo fi tún un tẹ̀. Nígbà tí mo wádìí, mo gbọ́ pé ó kéré tán, ẹni méjì ti rí àṣìṣe náà kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gé owó oṣù ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, mo wá pe ìpàdé, mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn sọ ọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Èmi kì í ṣe òǹrorò. Báwo ni mo ṣe lè sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó bébà nìkan ti tó ohun tó ń fọ́ni lórí lásìkò yìí, ká má tíì sọ ti ìtìjú lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ibi tí mo dúró lé jù nínú lẹ́tà yín ni ibi tí ẹ̀yin sáré kọjá: ẹ gé owó oṣù, lẹ́yìn náà lẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Létí àwọn tó jókòó sí ìpàdé náà, ọ̀rọ̀ kejì kò lè pa ìkíní rẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tó bá sún mọ́ àṣìṣe jù ló ń san gbèsè rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́wọ́ pé òun rí i ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́.

Mo gbà pé ẹ kì í ṣe òǹrorò. Ṣùgbọ́n ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ní 1955, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Luft àti Harrington Ingham, ya irú ọ̀rọ̀ yìí sínú àwòrán kan tí wọ́n gé orúkọ ara wọn pọ̀ láti sọ ní fèrèsé Johari: apá kan wà nínú ìwà ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń rí, tí ẹni tó ni ín kò rí. Ọ̀gá kò lè dá jókòó ro apá yẹn yọ. Àwọn tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, wọn kò sì ní sọ ọ́ àfi tó bá dá wọn lójú pé sísọ rẹ̀ kò ní kó bá wọn.

Ẹ má rò pé àwa Yorùbá nìkan ni ìbẹ̀rù àgbà ń pa lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù United Airlines kan tó fẹ́ balẹ̀ ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ń yí po lójú ọ̀run fún bíi wákàtí kan, nítorí pé ọkàn awakọ̀ àgbà kò balẹ̀ nípa ẹsẹ̀ tí bàálù náà fẹ́ fi balẹ̀. Àwọn méjì tó jókòó tì í rí i pé epo ń lọ. Wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò fẹ́ kọjá àyè rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, kò sì wọ ọ̀gá wọn létí títí epo fi tán. Bàálù náà já, ènìyàn 10 sì kú. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ló bí ẹ̀kọ́ tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń gbà títí di òní: wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí yóò wọlé, wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá bí a ṣe ń gbọ́. Apá kejì yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ wa máa ń gbàgbé. Wọ́n á kó òṣìṣẹ́ lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá á wà ní ọ́fíìsì tó ń ka owó.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ yín ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ní òun nìkan, kí ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ sì bi í pé: “Nígbà tí o rí orúkọ yẹn, kí lo rò pé màá ṣe tí o bá dá ẹ̀rọ dúró?” Ẹ má ṣe wí àwíjàre kankan, ojú yín ni yóò máa wò, kì í ṣe ẹnu yín. Bóyá yóò rán yín létí ọjọ́ kan tí ẹ jágbe mọ́ ẹnì kan níwájú oníbàárà, tí ẹ̀yin ti gbàgbé pátápátá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá, lè dá ẹ̀rọ dúró bí nǹkan bá rú u lójú. Toyota ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní irú àṣẹ yìí tipẹ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó bá jáde, kí ẹni méjì kà á sókè, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kò lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan bá dá ẹ̀rọ dúró, tó wá hàn pé kò sí àṣìṣe kankan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òun gan-an níṣojú gbogbo wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa mọ̀ bóyá òótọ́ lòfin náà. Ní ìpàdé, kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin sọ tiyín kẹ́yìn, torí bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀ tán, “bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá” nìkan ló kù. Ẹni tó ń purọ́ tàbí tó ń pẹ́ dé níṣẹ́, ìyẹn lọ́tọ̀; ẹ ṣì lè bá a wí.

Ẹ má sì jáyà bí àṣìṣe tí wọ́n ń mú wá bá yín bá pọ̀ sí i. Nígbà tí Amy Edmondson, olùwádìí kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ń wádìí àṣìṣe lílo oògùn láwọn ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990, ó yà á lẹ́nu pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe inú àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ jù. Àlàyé tó rí ni pé wọn kì í fi tiwọn pamọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín kò ní sọ òótọ́ ńlá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ mú wá, bí ọ̀rọ̀ fáànù tó ti dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé bébà, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọlé bá wọn. Wọ́n fi ń dán yín wò ni. Ẹ tún fáànù náà ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí.