"Kò sí àyẹ̀wò kankan nínú bàálù kékeré": ṣé lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Atlanta là ń gbé. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Maryland. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó gba láísẹ́nsì awakọ̀ òfurufú lọ́dún tó kọjá ní òun máa háyà bàálù oníjókòó mẹ́rin, òun á sì gbé èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi lọ. Àwa mẹ́ta máa san 300 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò sí àyẹ̀wò kankan, kò sí bọ́ bàtà, kò sí da omi nù, àti pé Màmá tí wọn ò ní REAL ID (káàdì ìdánimọ̀ tó bá ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mu) lè wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. College Park ló ní a máa balẹ̀ sí, torí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn àríyá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé àwọn ará ìjọ wa kan lọ sí Florida nígbà kan. Kí ni mo lè kó sínú àpótí mi? Ṣé mo lè gbé kúlà ọbẹ̀ dání?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ dúró ná, a máa padà dé orí rẹ̀. Ìbéèrè yín ni ìkẹrin irú rẹ̀ tí mo gbà láàárín oṣù méjì, gbólóhùn kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: "kò sí àyẹ̀wò kankan." Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré. Gbólóhùn yẹn ń bí mi nínú gan-an, torí pé ìdajì rẹ̀ jóòótọ́, ìdajì òótọ́ yẹn ló sì ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Màmá bẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé wọn ò lè wọ bàálù ńlá? Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n ti ń béèrè REAL ID, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ìwé tí TSA ń gbà, ìyẹn àjọ tó ń yẹ èrò wò ní àwọn pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gba pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mìíràn pẹ̀lú. Bí páálí Nàìjíríà tí Màmá fi wọlé bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì kọjá, wọ́n lè fi wọ bàálù láti Atlanta dé Baltimore. Bí ọ̀rọ̀ físà wọn bá ní kọ́núkọ́họ nínú, agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwọ̀lú ni kẹ́ ẹ lọ bá kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ọ̀rẹ́ ọkọ yín náà kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ní ti bàtà, àtoṣù Keje 2025 ni wọ́n ti sọ pé kò pọn dandan kí èrò máa bọ́ ọ mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Bí ẹ bá dé pápá kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí ọgbà onírin kan tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ kó tó ṣí, ilé kékeré kan tó ní àga aláwọ méjì àti ẹ̀rọ kọfí, lẹ́yìn náà àwọn bàálù tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wo inú báàgì. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ pa yín lára. Ibi tí òótọ́ ọ̀rẹ́ yín mọ nìyẹn.

Ẹ wo ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú bàálù ńlá, àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí ló jókòó tira wọn, awakọ̀ ò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, ìjọba dá TSA sílẹ̀ kí wọ́n lè yẹ àwọn èrò bẹ́ẹ̀ wò ní ẹnu ọ̀nà. Nínú bàálù oníjókòó mẹ́rin, awakọ̀ ló pe èrò rẹ̀, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ohun tó wà nínú àpótí wọn tàbí kó jẹ́ pé ó yẹ kó mọ̀. Nítorí náà wọ́n gbé ẹrù àyẹ̀wò náà kúrò lórí èrò, wọ́n sì gbé e ka awakọ̀ lórí. Ìjọba ń fi orúkọ gbogbo ẹni tó ní láísẹ́nsì wé orúkọ àwọn tí wọ́n fura sí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láísẹ́nsì àkọ́kọ́ títí TSA fi máa wádìí rẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti san owó, tó ti ra ìwé, tó sì jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí pé èsì kò tíì dé. Nígbàkigbà tí awakọ̀ bá ń fò, láísẹ́nsì, ìwé ìlera àti ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá béèrè wọn lórí pápá, dandan ni kó mú wọn jáde.

Apá kejì ètò ààbò náà wà lójú òfurufú, ibẹ̀ sì ni mo ti ń bẹ̀rù fún yín, torí ẹ̀gbẹ́ Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ni College Park tẹ́ ẹ̀ ń lọ wà.

Ẹ fojú inú wo òbìrípo mẹ́ta tó yí ìlú náà ká. Èyí tó tóbi jù fẹ̀ tó 60 máìlì láti àárín dé etí (irú máìlì tí awa awakọ̀ ń lò, tó gùn díẹ̀ ju ti ojú ọ̀nà lọ). Awakọ̀ tó bá fẹ́ máa fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà wọ inú rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló fi ń darí bàálù, gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ pàtàkì kan tí FAA, àjọ tó ń ṣòfin òfurufú, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òbìrípo kejì jẹ́ 30 máìlì, òun là ń pè ní SFRA. Kó o tó wọ̀ ọ́, o ti gbọ́dọ̀ fi ètò ìrìn rẹ sílẹ̀, kí àwọn tó ń darí òfurufú fún ọ ní nọ́ńbà tìrẹ tí wàá tẹ̀ sínú transponder (ẹ̀rọ inú bàálù tó ń jẹ́ kí wọ́n dá ọ mọ̀ lójú rédà), kó o sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Òbìrípo inú pátápátá tó nǹkan bíi 15 máìlì. FRZ ni orúkọ rẹ̀, àwa a máa pè é ní "Freeze".

College Park tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ yẹn, pápá àgbà ni. Láti 1909 ni wọ́n ti ń lò ó, Wilbur Wright fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń wa bàálù níbẹ̀. Inú Freeze gan-an ló wà. Ẹni tó bá máa balẹ̀ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ tẹ̀ka, kí wọ́n ti wádìí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì ti fún un ní nọ́ńbà àṣírí, gbogbo ìyẹn kó tó gbéra rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ yín: "Ṣé o ti gba nọ́ńbà Freeze?" Bó bá ń wo yín bí ẹni pé èdè òyìnbó mìíràn lẹ sọ, ẹ má bá a lọ.

Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín lásán. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2005, ọkùnrin méjì gbéra ní Pennsylvania nínú Cessna 150 kékeré, wọ́n ń lọ wo ìpàtẹ bàálù ní North Carolina. Wọ́n ṣìnà, wọ́n bọ́ sínú òfurufú Washington, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé White House. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sá jáde ní White House àti ní ilé aṣòfin. Àwọn bàálù ogun F-16 ń yí wọn ká, wọ́n ń ju iná síwájú wọn kí wọ́n lè yà. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n dà wọ́n lọ balẹ̀ sí Frederick, ní Maryland. Wọn ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, ìjọba ò sì bá wọn ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n wọ́n gba láísẹ́nsì lọ́wọ́ èyí tó ní i nínú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ ààrẹ náà tún wà ńbẹ̀: ibikíbi tó bá lọ, wọ́n á fi òbìrípo bẹ́ẹ̀ yí ibẹ̀ ká. Láàárọ̀ Sátidé, àwa awakọ̀ a máa jókòó sẹ́nu ilé tá à ń gbé bàálù sí, a ó máa mu kọfí, ọ̀rọ̀ òṣèlú la sì máa ń sọ jù. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni tó wà lórí àga á ní torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ojú ọ̀run pa. Mo máa ń takò ó níbẹ̀. Bush lọ sí oko rẹ̀ ní Crawford, òbìrípo tẹ̀ lé e. Obama lọ sinmi ní Hawaii, ó tẹ̀ lé e. Biden lọ sílé ní Delaware, Trump lọ sí Palm Beach, bákan náà ni. Ó sábà máa ń jẹ́ 30 máìlì níta, 10 máìlì nínú, bàálù kékeré kì í sì í ráyè wọ ti inú. Wọ́n lè kéde rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n sì lè yí aago rẹ̀ padà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Awakọ̀ tí kò bá ka àwọn ìkéde yẹn kó tó tan ẹ́ńjìnnì, mi ò lè fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́.

Bí ọkọ yín bá ṣì fẹ́ lọ, Frederick yẹn ni kí wọ́n balẹ̀ sí. Ó wà lẹ́yìn òbìrípo 30 máìlì, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló máa pọn dandan, kí awakọ̀ sì ṣọ́ra fún Camp David, ibi ìsinmi ààrẹ, tó wà lápá àríwá ibẹ̀. Ẹ háyà mọ́tò, nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ ti dé àríyá.

Ní ti owó, 300 dọ́là yẹn lè tọ̀nà, ó sì lè má tọ̀nà. Láísẹ́nsì àdáni ò fàyè gba kéèyàn gbé èrò fún owó. Ohun tó fàyè gbà ni kí awakọ̀ àti èrò jọ pín owó epo, owó pápá àti owó tí wọ́n fi háyà bàálù, kí awakọ̀ má sì san kéré sí ìpín tirẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin ni. Bí gbogbo ìnáwó bá jẹ́ 1,600 dọ́là, 400 ni ìpín rẹ̀, 900 tẹ́ ẹ dá ò sì burú. Bó bá jẹ́ 1,000 péré, ó ti jẹ́ pé ẹ̀ ń sanwó iṣẹ́ fún un. Ẹ ní kó fi rìsíìtì hàn yín. Òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń lọ síbẹ̀. Bó bá ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó, kò sí wàhálà. Ti àwọn ará ìjọ tó gbé lọ Florida ló kọ mí lóminú. Ẹni tó ń gbé oríṣiríṣi èèyàn kiri, tó ń gbowó, ti sọ ara rẹ̀ di ọlọ́kọ̀ èrò láìní ìwé ọlọ́kọ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní 2019, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Argentina nì, Emiliano Sala, wọ bàálù kékeré ní Nantes, ó ń lọ sí Cardiff. David Ibbotson tó gbé e ò ní láísẹ́nsì agbowó, kò sì ní àṣẹ láti fò lóru. Bàálù náà já sínú òkun. Àwọn olùwádìí rí i pé èéfín olóró láti ara ẹ́ńjìnnì ti wọ inú ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọn ò rí òkú Ibbotson. Ẹni tó ṣètò ìrìn náà gba ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún ní 2021. Nínú iṣẹ́ tó ní ìwé, ẹlòmíràn wà tó ń yẹ awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wò ní gbogbo ìgbà. Nínú èyí tí wọ́n ń ṣe lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ó wá ku ìwọ̀n, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí. Cessna 172 ni wọ́n sábà ń háyà. Àga mẹ́rin ló ní lóòótọ́, àmọ́ bí epo bá kún táǹkì rẹ̀, ohun tó kù tó lè gbé kò ju nǹkan bíi 240 kìlò lọ, èèyàn àti ẹrù. Àgbà mẹ́rin tó wọn 80 kìlò ti di 320, a ò tíì gbé gèlè sí i. Ó di dandan kí awakọ̀ dín epo kù, kó sì máa dúró rà á lọ́nà. Òṣùwọ̀n kan wà ní ọ́fíìsì mi tí gbogbo èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gùn tàwọn ti báàgì wọn. Ìyá àgbà kan kọ̀ nígbà kan, ojú ń tì wọ́n. Mo ní kí gbogbo ọkùnrin tó wà ńbẹ̀ bọ́ síta, mo kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, mo pa á dé. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ yín ò bá béèrè ìwọ̀n yín, ẹ má wọ bàálù rẹ̀.

Bí kùrukùru bá bo ọ̀nà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà, ẹ ò ní lè fò. Nítorí náà kí Màmá mú páálí wọn dání, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà lọ.

Ọbẹ̀ wá kàn. Ẹ fi Màmá sínú bàálù ńlá, kẹ́ ẹ sì bá wọn lọ. Bí ọbẹ̀ bá dì gbagidi bí òkúta nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibi àyẹ̀wò, wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tó sì ju 100 mílílítà lọ, wọ́n á gbà á. Inú àpótí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ ní káńtà ló dára jù fún un. Ẹ fi ọ̀rá méjì dì í kẹ́ ẹ tó dé kúlà náà, kí epo pupa má bàa lọ ba aṣọ ẹbí jẹ́.