Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrìn Ẹsẹ̀ Nínú Igbó àti Létí Omi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àtìgbà tí mo ti fẹnu ba ìrìn inú Igbó Ọ̀ṣun lóṣù tó kọjá ni ìbéèrè yín ti ń wọlé, wọ́n pọ̀ débi pé mo ti kó ti oúnjẹ àti ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí n tó dá àwọn yẹn lóhùn. Ìrìn la fẹ́ sọ lónìí.

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 58 ni mí. Dókítà ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ eékún ọ̀tún máa ń dùn mí, títì àdúgbò wa ò sì ṣeé rìn, ọ̀kadà lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ lósì. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà.

Màmá mi, ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ro ti òkè rárá. Páàkì tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè ní Old Garage yẹn, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó le, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 péré yí i ká, kẹ́ ẹ sì padà sílé. Mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé ìṣẹ́jú 10 ò tó nǹkan, ó tó nǹkan o, torí eékún tí kò tíì mọ ìrìn, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí kan fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dìde lọ́jọ́ kejì, ẹ ó wá sọ pé ìrìn ò bá yín lára mu. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ sọ ọ́ di 15, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ni ìṣẹ́jú 150 tí àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà máa fi ṣe eré ìdárayá bí ìrìn kíákíá lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ rìn dáadáa ni pé ẹ ṣì lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, àmọ́ orin ò ní ṣeé kọ. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Nígbà tí 30 bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá wọ Igbó Ọ̀ṣun. Èmi ò tíì rí ibòmíì l'Óṣogbo tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni, ẹ ó sanwó lẹ́nu géètì, bẹ́ ẹ bá sì ti rìn wọlé díẹ̀ báyìí, ariwo jẹnẹrétọ̀ á ti dákẹ́, atẹ́gùn á fẹ́ tútù sí yín lọ́rùn, òórùn ewé tó ti jẹrà mọ́lẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ọ̀bọ. Mo rí ìyá ọ̀bọ kan lọ́jọ́ kan tí ọmọ ẹ̀ dì mọ́ ọn níkùn, ó jókòó sórí ògiri, ó tẹjú mọ́ ẹ̀pà ọwọ́ mi, kò tiẹ̀ wo ojú mi rárá, bí mo ṣe gbé ọwọ́ yẹn sọ́tùn-ún ni ojú ẹ̀ ń bá a lọ sọ́tùn-ún. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan o, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ nínú ọ̀rá, ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ni wọ́n máa já gbà.

Ọ̀rọ̀ eékún yẹn wá: ọ̀nà ibẹ̀ ń dà lọ sísàlẹ̀ sódò láwọn ibì kan, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ló sì máa ń ni eékún lára ju gígun òkè lọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, ẹ má sáré, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀pá dání. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi mú un o, torí eékún ọ̀tún ló ń dùn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, ọ̀pá ò wá ní lè gba ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe yẹ.

Àǹtí, ẹ káàsán mà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ sí ibi omi tó ń já láti orí òkè l'Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn ẹ̀sáàmù. Wọ́n ní ìpele méje lomi yẹn ní, ṣé a lè gùn ún tán lọ́jọ́ kan? Ṣé Crocs dáa? Akẹ́kọ̀ọ́ Uniosun.

Àbúrò mi, fi Crocs sílé. Mi ò fi ṣeré. Sílípáàsì ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, òkúta kan tí ewédò ti bò ni mo fẹsẹ̀ lé, mo rò pé gbígbẹ ni, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi gbálẹ̀, odindi oṣù kan ni mi ò fi lè gbé kẹ́tùlù. Kánfáàsì tó ní okùn, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín dáadáa, ni kẹ́ ẹ wọ̀, pẹ̀lú sọ́ọ̀kì, kí ẹsẹ̀ má baà bó.

Ìpele àkọ́kọ́ ò le, ọmọdé àti àgbà ló ń débẹ̀, atẹ́gùn omi á ti máa ta sí yín lójú kẹ́ ẹ tó rí omi gan-an. Àtibẹ̀ lọ sókè ló ti ń le, ẹ ó máa di gbòǹgbò igi mú láwọn ibì kan. Ẹ mú ẹni tó mọ ọ̀nà láàárín àwọn ará ìlú yẹn, kẹ́ ẹ sì sanwó fún un tayọ̀tayọ̀. Nípa àkókò, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Naismith ṣe ìṣirò kan ní 1892 tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn sókè. Ilẹ̀ tútù nìyẹn o, ẹni tára ẹ̀ le sì ni. Nínú oòrùn tiwa, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn àti ìdúró ya fọ́tò, ẹ fi ìdajì àkókò yẹn kún un. Èmi máa ń sọ pé aago méjì ọ̀sán ni kí gbogbo èèyàn yí padà, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé, ìpele kẹta tàbí ìkarùn-ún. Tójò bá sì rọ̀ lálẹ́ àná, ẹ dúró sí ìpele àkọ́kọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹun, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n, Mùsùlùmí ni mí, ìyàwó mi ò fẹ́ kí n wọ Igbó Ọ̀ṣun nítorí òrìṣà tó wà níbẹ̀. Ṣé mo lè rìn níbẹ̀ láìlọ́wọ́ sí nǹkan kan? Alhaji, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Alhaji, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín, ẹ̀yin àti ààfáà yín lẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní bá yín dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ lára àwọn tá a jọ máa ń pàdé níbẹ̀ láàárọ̀, a ó kí ara wa, kálukú á máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ bá ìyàwó yín sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò bá gbà ṣá, páàkì wà ńlẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi. Àwa ọmọ Òṣogbo ló yẹ ká mọ igbó yẹn ju àlejò lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀, Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ ń wá ibi tómi wà, wọ́n gé igi, igi wó sódò, wọ́n bá gbóhùn láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ìyá wa àgbà. Nígbà tí igbó yẹn fẹ́ run, Susanne Wenger, òyìnbó ọmọ Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa bí Adébísí Àkànjí ló fi sìmẹ́ǹtì mọ àwọn ère àti ògiri tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, wọ́n sì dúró gbọn-in pé kẹ́nikẹ́ni má gégi, kó má dẹ̀gbẹ́, kó má pẹja níbẹ̀. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan ẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 2005 ó wọ ìwé UNESCO. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ilé ni à bá máa rí níbẹ̀ lónìí, a ò bá sì má níbi tá à ń rìn sí.

Torí náà, ẹ wọ aṣọ tó bo ara, ẹ pa orin fóònù, ẹ má ya fọ́tò ẹni tó ń bọ nǹkan, ẹ má já ewé, kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín padà jáde. Inú máa ń bí mi gan-an tí mo bá rí ọ̀rá lẹ́sẹ̀ igi àràbà. Ní oṣù August tí ọdún Ọ̀ṣun bá bọ́ sí, èrò máa ń kún ọ̀nà yẹn fọ́fọ́, ẹ lọ wòran nígbà yẹn, àmọ́ ìrìn tó tuni lára ò ní ṣeé ṣe.

Ṣé mo lè bu omi odò mu tí omi mi bá tán? Sunday, Ọ̀ta-Ẹ̀fun.

Rárá, Sunday. Ẹ wo àwọ̀ odò Ọ̀ṣun láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti pọ́n bí omi ẹrọ̀fọ̀, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò lápá Ìjẹ̀ṣà ló ń da ilẹ̀ rú sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kìlọ̀ pé ká má mu ún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá dúró lórí afárá tí mò ń wò ó. Ẹ gbé omi tiyín, lítà kan fún wákàtí méjì.

Àǹtí, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ rìn létí omi dáàmù lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, ṣé kò léwu? Ìyá Àwáwù, Ìgbóǹnà.

Ìrìn yẹn dáa gan-an, ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń tẹ́, ẹyẹ pọ̀, àwọn ọmọ á rí apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ kíkì bọmi ni mi ò fẹ́. Omi tí kì í ṣàn bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké máa ń gbé, ara wọn ni kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn mu omi yẹn. Tí ọmọ bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi irú ẹ̀ rí, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ hospital, oògùn ẹ̀ wà, praziquantel ló ń jẹ́. Létí dáàmù, omi tún lè jìn lójijì, ẹ di ọwọ́ èyí tó kéré jù mú.

Ejò ńkọ́? Ẹni tó ń bẹ̀rù, Dada Estate.

Ẹ rìn láàárín ọ̀nà, ẹ má ki ọwọ́ sábẹ́ òkúta tàbí ìtì igi, ẹ fẹsẹ̀ kilẹ̀ dáadáa, á ti sá kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá wá bu èèyàn jẹ, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn dúró jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ gbé onítọ̀hún lọ hospital kíákíá.

Àwọn tó ní àwọn fẹ́ bá mi rìn, mo ti rí yín. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ti ṣí géètì Igbó Ọ̀ṣun, ẹ ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ìbejì, a ó dúró dè yín, bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe yá la ṣe máa rìn.