Kí ni "ibi" tó wà nínú "wàá bí tibi tire"?

Àbúrò mi kan ní Yábàá, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí màmá ṣe ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbàdúrà fún un pé, "Wàá bí tibi tire." Kò yá a lára láti ṣe àmín. Ó ní ṣé ó yẹ ká máa tọrọ ibi fún aláboyún ni?

Àbúrò mi, ṣe àmín náà tọkàntọkàn. "Tibi tire la dá ilé ayé" tí o ń rántí yàtọ̀. Aburú ni ibi níbẹ̀. Ibi ọmọ ni màmá ń wí, èyí tí àwọn àgbà mìíràn ń pè ní ìkejì ọmọ. Ọmọ lè ti ké, kí ilé ti máa hó fún ayọ̀, kí ibi kọ̀ kó má wálẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà lára ìyá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa kì í fi í yọ̀ tán kí wọ́n tó gbọ́ pé ibi ti jáde.

Ó wù mí kí o mọ iṣẹ́ tí ibi yìí ń ṣe. Yàtọ̀ sí oúnjẹ àti atẹ́gùn tó ń fún ọmọ, ó máa ń ránṣẹ́ sí ara ìyá. Họ́mọ́ònù ló ń jíṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, hCG, ló fa ìlà méjì tí o rí nígbà tí o yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Òun ló ń sọ fún ilé ẹyin pé kó má dáwọ́ títú progesterone dúró, ìyẹn họ́mọ́ònù tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ farabalẹ̀ di oyún mú. Nígbà tó bá fi tó ọ̀sẹ̀ 7 sí 9, ibi fúnra rẹ̀ á ti gba iṣẹ́ progesterone ṣe.

Ọ̀nà tí ibi ẹranko ń gbà jíṣẹ́ yìí yàtọ̀ síra. Eku kò ní hCG. Tí akọ bá ti gùn ún, kókó kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀ á máa tú prolactin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, họ́mọ́ònù tó ń sọ fún ilé ẹyin rẹ̀ pé kó máa tú progesterone. Oyún rẹ̀ ò ju nǹkan bí ọjọ́ 21 lọ. Tó bá dé ìdajì, ibi á gba ipò kókó yẹn, á máa tú placental lactogen, tó jọ prolactin. Síbẹ̀, ilé ẹyin ló ṣì ń tú progesterone: tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin eku tó lóyún, oyún á bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n àgùntàn, tí a ń so mọ́ ìdí igi kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́, ibi tirẹ̀ lè dá oyún gbé lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 55. Ìyẹn máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ibi tiwa náà ń tú placental lactogen. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ṣúgà pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá kí ọmọ lè rí jẹ, ó sì wà lára ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ṣúgà aláboyún wò. Progesterone ni kì í jẹ́ kí wàrà ya títí a ó fi bímọ. Tí ibi bá wálẹ̀, progesterone á já wálẹ̀, wàrà á sì ya ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Tí ègé ibi bá ṣẹ́ kù sínú, wàrà lè pẹ́ kó tó ya. Nítorí náà, oúnjẹ ọmọ rẹ wà nínú àdúrà yẹn.

Tí ibi bá wálẹ̀, a kì í jù ú sí ààtàn, sínsin là ń sin ín. Ọsibítù máa ń dì í sínú ọ̀rá fún bàbá ọmọ, síméǹtì sì ti bo ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ ní Èkó. Mo mọ bàbá kan tó gbé tiwọn láti Yábàá gba orí Afárá Carter kọjá lọ sí agboolé wọn. Màmá á ti mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ sí. Bi wọ́n kí oṣù rẹ tó pé.