Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kóńgò, Èlùbọ́ àti Wàrà ní Ọjà Akẹ̀sán

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ó sì jọ pé òun ló rán ọ̀pọ̀ yín létí ilé. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lé lórí. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èkó ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Mo fẹ́ mú wọn wá wo ọjà tí ìyá àgbà wọn ń ná ní Ọ̀yọ́. Ọjọ́ wo ni Akẹ̀sán ń ná, aago mélòó ló sì dáa ká débẹ̀? (Ìyá Ìbejì, Agége)

Ojoojúmọ́ ni, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọjà oko tó yí Ọ̀yọ́ ká ló ń ná ní ọrọọrún. Ibẹ̀ ni àwọn alájàpá ti ń kó iṣu, gbodo (iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́) àti ata wá sígboro, nítorí náà ọjọ́ kejì ọjà oko ni ẹrù máa ń tutù jù ní Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹ kà á bí àwọn àgbà ṣe ń kà á: ọjọ́ tí ọjà ná gan-an wà nínú ìṣirò. Ọjà ọrọọrún tó bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná. Ẹni tó bá ka márùn-ún lẹ́yìn Ajé, Àbámẹ́ta ni yóò débẹ̀, àtíbàbà òfìfo ni yóò sì bá.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá ra oúnjẹ, ẹ dé láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀. Bó bá jẹ́ ìran lẹ fẹ́ káwọn ọmọ wò, ìrọ̀lẹ́ ni. Àṣà Ọ̀yọ́ nìyẹn látilẹ̀: Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó dé Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, lọ́dún 1826, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà méje ló wà nílùú, wọ́n sì ń ná wọn nírọ̀lẹ́, láti nǹkan bí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti Ọ̀yọ́ Ilé yẹn náà ni orúkọ Akẹ̀sán ti wá. Ọjà ọba ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà láàárín ọdún 1830 sí 1840, wọ́n gbé orúkọ náà dání wá síwájú ààfin. Láyé ìgbà náà, obìnrin ààfin kan tó ń jẹ oyè Ẹni Ọjà ló ń mójú tó ọjà ọba, òun náà ló sì ń ṣe olórí àwọn tó ń bọ Èṣù nílùú. Ẹ sọ ìyẹn fáwọn ọmọ, wọn ò ní gbàgbé.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú. Iná jó ọjà yìí ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́. Ìsọ̀ tí ìyá àgbà ń ròyìn kọ́ ni wọn yóò rí. Láti Ìbàdàn, ẹ sọ̀ ní Ọ̀wọ́dẹ̀, kí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà lọ sí ààfin.

Mo ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́rin. Ìyàwó mi wọ̀n ọ́n nílé, kò ju mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ṣé olè ni obìnrin yẹn ni? (Bàbá Ṣadé, Mọ́níyà)

Ẹ má tíì pè é bẹ́ẹ̀, Bàbá Ṣadé, ẹ má sì fi ẹnu yín pariwo olè láàárín ọjà láé. Ó lè jẹ́ kóńgò ilé yín ló jìn ju tọjà lọ, tàbí kí ìyàwó yín ti bù ú tẹ́jú, kí ọlọ́jà sì ti bù ú ga. Kóńgò tó pé máa ń gba ìrẹsì bíi kílò kan àbọ̀.

Ṣùgbọ́n àrékérekè wà lóòótọ́. Àwọn kan á dojú kóńgò bolẹ̀, wọn á fi òkúta lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi wú wọnú. Àwọn kan á yọ́ àbẹ́là sí i nísàlẹ̀. Ojú kì í rí i bí ẹ̀wà bá ti wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù, ẹ gba kóńgò náà tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ ki ìkúùkù bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ìka wá ìdí rẹ̀. Bó bá wú bí ìdí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹ ní kí wọ́n lo òmíràn.

Ẹ tún wo apá òsì ẹni tó ń bù. Ọ̀jáfáfá ọlọ́jà máa ń fi apá yẹn gbá kóńgò mọ́ra, ẹ̀wà á sì ga bí òkè lórí rẹ̀. Apá ló gbé òkè yẹn dúró. Bó bá ti mú apá kúrò, inú àtẹ ni ìdajì rẹ̀ á dà padà sí, kì í ṣe inú ọ̀rá yín. Ẹ ní kó gbé kóńgò náà sókè ná kí ẹ tó kà á ní ẹyọ kan. Ní ti gààrí, ẹ ní kó gbọ̀n ọ́n: gààrí tí wọ́n rọra fọ́n sínú kóńgò, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè èènì. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Èlùbọ́ tí mo rà funfun, àmàlà rẹ̀ ń fà. Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó? (Àǹtí Bọ́lá, Ìlọrin)

Láfún ni wọ́n pò mọ́ ọn. Láfún kì í ṣe májèlé, àwọn Ẹ̀gbá ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí wa, ṣùgbọ́n kí a má fi owó iṣu ra ẹ̀gẹ́. Ẹ fi díẹ̀ sórí ahọ́n: láfún máa ń kan, ó sì ń rùn bí ohun tí wọ́n rẹ. Èlùbọ́ iṣu kì í funfun, nítorí omi tó gbóná tí kò hó ni wọ́n fi ń bọ iṣu, wọn á fi í sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sá a. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ra gbodo, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ ṣẹ́ ẹ. Èyí tó gbẹ á dún pẹ́kẹ́. Èyí tó bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà kò tíì gbẹ, yóò sì bu kó tó dé Ìlọrin. Ẹ wo inú rẹ̀: bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ dá a padà. Bí ó bá fúyẹ́ tí ìyẹ̀fun ń dà láti inú ihò, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán. Bó bá sì ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ máa bá tiyín lọ. Fífọ̀ kò lè mú ìyẹn kúrò. Gbodo ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù: ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ti tó láti gbẹ ẹ́, ti ìgbà òjò máa ń pẹ́ nínú ọ̀rinrin.

Lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ẹ dúró sẹ́yìn ẹni tó lọ èlùbọ́. Bó bá jẹ́ ata ló ṣíwájú yín, àmàlà yín á ta.

Ṣé wàrà á dé Èkó láì kan? (Tọ́pẹ́, Ìkòròdú)

Á dé, bí ẹ bá ra tàárọ̀, tẹ́ ẹ sì ní kí obìnrin Fúlàní náà bu omi wàrà sí i títí yóò fi bò ó. Kí ó le díẹ̀ lọ́wọ́, kó má yọ̀. Ewé bọmúbọmú ni wọ́n fi ń mú un dì, kì í ṣe kẹ́míkà, nítorí náà kò lè pẹ́. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ bọ̀ ọ́ ní omi iyọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì tàbí kí ẹ dín in.

Mo bẹ̀rù àtiná ọjà. Ṣé ìdajì ni mo máa dá? (Ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀yọ́)

Rárá. Aṣọ ni wọ́n ń dá bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Ẹ gbọ́ iye tí àtẹ mẹ́ta pè é kí ẹ tó dá owó. Bí ẹ kò bá ní rà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láàárọ̀ kùtù, ẹni tó ṣí ọjà ni wọ́n ń wò ọjọ́ náà mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ òsì na owó. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe ségesège, kò sì sí ọlọ́jà tó máa jẹ́ kí ẹ gbé ẹrù kí álààtì tó wọlé.