Ìkéde ni àbí ìfitónilétí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣogbo níbí, à ń túmọ̀ ìwé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù. Níbi tí Windows ti ń sọ fún áàpù pé Wi-Fi ti yí padà (notification lédè Gẹ̀ẹ́sì), ọ̀kan nínú wa kọ “ìkéde”, èkejì kọ “ìfitónilétí”. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ìfitónilétí ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà: ì-fi-tó-ni-létí. Etí ẹnìkan pàtó wà nínú rẹ̀. Igbe ló wà nínú ìkéde. Akéde tó lu agogo láti ààfin Àtáọ́ja dé Ọjà-Ọba kì í béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó ń sùn á jí, ẹni tó ti lọ oko kò ní gbọ́.

Windows kì í ké báyẹn. Áàpù ló máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Á pe WlanOpenHandle láti ṣí ọ̀nà sọ́dọ̀ ẹ̀ka Wi-Fi inú Windows (nọ́ńbà ẹ̀yà tó máa fún un jẹ́ 2 láti Windows Vista síwájú, 1 ni ti XP), á wá pe WlanRegisterNotification, á sọ irú ìròyìn tó ń fẹ́ àti fọ́ńṣọ̀n (apá kan nínú kóòdù rẹ̀) tí Windows máa pè. WLAN_NOTIFICATION_SOURCE_ACM ló ń mú ìròyìn ìsopọ̀ àti ti profile (ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ti fi pamọ́) wá. Fọ́ńṣọ̀n yẹn gan-an ni etí. Ìdì kan ni wọ́n máa gbé fún un: NotificationCode á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, InterfaceGuid á sọ ẹ̀rọ Wi-Fi tó kàn, àlàyé yòókù wà nínú pData.

Nínú ohun tí NotificationCode lè sọ, orúkọ tó ń tan èèyàn jù ni connection_complete. Ó dà bíi pé ìsopọ̀ ti yọrí, àmọ́ ìgbìyànjú ló parí, ì báà yọrí, ì báà má yọrí. Ẹni tó tẹ pásíwọ̀ọ̀dù tó ṣì náà lè gbà á. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀: ẹ wo wlanReasonCode nínú pData. Bí kì í bá ṣe WLAN_REASON_CODE_SUCCESS, ìsopọ̀ ò ṣeé ṣe nìyẹn. Bó tilẹ̀ yọrí, àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lè má tíì dé. NotifyAddrChange ló ń fi ìyẹn tóni létí.

Ẹ má sì pe WlanRegisterNotification láti inú fọ́ńṣọ̀n náà, pàápàá láti yọ orúkọ. Windows á dúró kí fọ́ńṣọ̀n parí, fọ́ńṣọ̀n á dúró kí Windows dáhùn, bí ẹni méjì tó pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn tóóró tí kálukú ń wí pé “ẹ máa kọjá, ẹ̀yin làgbà”. Áàpù á dì pa.

Ẹni tó kọ ìkéde náà ò kúkú jìnnà, Android ló bá mu. CONNECTIVITY_ACTION, ìkéde pọ́ńbélé ni: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yí, gbogbo áàpù tó kọ ọ́ sínú manifest (fáìlì tí áàpù fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún Android) ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́lẹ̀, bátìrì á sì máa jìyà ẹ̀. Láti Android 7.0 lọ́dún 2016, áàpù tí wọ́n kọ fún un kì í gbọ́ ọ láti manifest mọ́. Fọ́ńṣọ̀n registerNetworkCallback ni wọ́n ní kí áàpù lò, ìyẹn ni pé kó forúkọ sílẹ̀ kí Android lè fi tó o létí.

Torí náà, broadcast ni kí ẹ pè ní ìkéde, notification ní ìfitónilétí. Fún register, “forúkọ sílẹ̀” ti tó.