Ẹ Bi Ìyá Ẹyẹ: Ṣé Odídẹrẹ́ Lè Bá Wa Dé Sípéènì?

Ìyá Ẹyẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, a sì ti ra motorhome, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. A fẹ́ wà á gba Faransé dé gúúsù Sípéènì, ká lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ní odídẹrẹ́ kan, Àkànní lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń sìn wọ́n ní Yorkshire la ti rà á ní 2012. Rìsíìtì nìkan ló fún wa, àmọ́ òrùka kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ náà. Bí mo bá kúrò nílé fún ọjọ́ méjì péré, Àkànní á bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ àyà ara rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní ká da aṣọ bo kéèjì rẹ̀ ká máa lọ, pé àwọn aṣọ́bodè kì í yẹ ọkọ̀ àwọn àgbàlagbà wò. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Tómiwá, Leeds

Ìyá Tómiwá, ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, ẹ bá mi kí bàbá kú ìsinmi. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò ọkọ yín pé kó má fi yín jin sí kòtò. Bí wọ́n bá rí Àkànní lábẹ́ aṣọ, wọn ò ní bá yín ṣàríyànjiyàn. Wọ́n á gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ yín ni, bóyá lẹ ó sì tún fojú kàn án mọ́.

Ìwó ni wọ́n ti bí mi, ìlú tó ń fi odídẹrẹ́ yangàn. Kò sí arìnrìn-àjò tí wọn kì í sọ fún níbẹ̀ pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Mo ṣe àmín sí i fún Àkànní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wúre yẹn kò bá aṣọ́bodè Calais ní Faransé pàdé rí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní CITES, òun ló ń ṣàkóso bí ẹranko tó ń tán lọ nínú igbó ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ìsọ̀rí kejì ni odídẹrẹ́ wa aláwọ̀ eérú, onírù pupa, wà tẹ́lẹ̀. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Johannesburg ní 2016 ni wọ́n ti gbé e sí ìsọ̀rí kìíní, tó le jù, òfin náà sì múlẹ̀ ní oṣù kìíní 2017. Nítorí náà, ẹ má bínú sí ọkùnrin Yorkshire yẹn. Nígbà tó ta Àkànní fún yín, kò sí òfin tó ní kó fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Òfin ló yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ẹyẹ délé.

Ohun kejì tó yí padà ni pé Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú European Union. Láti oṣù kìíní 2021, bí ẹ bá gbé Àkànní sọdá sí Faransé, lójú òfin, ẹ kó ẹranko abẹ́ ààbò jáde nílẹ̀ kan wọ òmíràn ni. Kò kàn wọ́n pé ọ̀rẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ni. Ìwé ìkójáde wà láti ìhà ibí, ìwé ìkówọlé wà láti ìhà ọ̀hún, tí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa lọ máa bọ̀. Àjọ APHA ní Bristol, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ CITES níbí, lè fún ẹni tó ni ẹyẹ ní personal ownership certificate. Ẹ kàn fojú ìwé ìrìnnà ẹyẹ wò ó. Ó lè lò tó ọdún mẹ́ta, orúkọ yín àti ti ẹyẹ yín nìkan ló sì wà fún. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ta Àkànní lọ́hùn-ún, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi í tọrẹ, gbogbo ibodè tí ẹ bá sì là kọjá lẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé náà hàn kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ CITES ti Faransé àti ti Sípéènì pẹ̀lú, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí tiwọn tẹ̀ lé e. Kí ìdáhùn wọn wà lákọsílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un dání.

Wàyí o, òrùka ẹsẹ̀ Àkànní. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi balẹ̀ nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Ẹ gbé ẹyẹ náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí bàbá rọra dì í mú pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ wo òrùka náà yí po. Bó bá jẹ́ òbírí tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, a jẹ́ pé nígbà tí Àkànní ṣì wà lọ́mọ inú ìtẹ́, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, ni wọ́n ti fi í sí i. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kì í bọ ẹsẹ̀ odídẹrẹ́ tó ti gbó. Òrùka bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé inú ilé ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀, wọn kò kó o nínú igbó. Bó bá jẹ́ òrùka tí wọ́n là, tí wọ́n sì fún pọ̀, ìbéèrè yóò pọ̀ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ wá rìsíìtì 2012 yẹn jáde, ẹ gba àkọsílẹ̀ dókítà ẹranko yín láti ọdún tó pẹ́ jù lọ. Bí ọkùnrin Yorkshire ṣì wà láyé, kó kọ lẹ́tà kan kó sì fọwọ́ sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni APHA yóò béèrè. Bí ẹ kò bá lè fi orísun ẹyẹ hàn, ẹ má ba ara yín nínú jẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

Ìwé ìlera tún yàtọ̀ sí ti CITES. Nítorí àìsàn flú àwọn ẹyẹ, wọ́n lè ní kí ẹyẹ wà ní àdádó fún ìwọ̀n ìgbà kan kí ẹ tó gbéra, tàbí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, kí dókítà ìjọba sì fọwọ́ sí i. Bí àìsàn yìí bá bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò yín, ètò lè dúró. Kì í ṣe gbogbo èbúté ló sì ń gba ẹyẹ abẹ́ CITES wọlé tàbí jáde. Ibi tí òfin yàn nìkan ni, àwọn ọkọ̀ ojú omi mìíràn kì í sì í gbé ẹyẹ rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé àtiwọ Ìlú Ọba padà tún yàtọ̀, ẹ béèrè tòun náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Èrò tèmi rèé. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹ dán an wò. Mo máa ní kí ẹnì kan tí Àkànní mọ̀ wá sùn ní ilé yín. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ máa lọ lọ́dọọdún, tí ẹyẹ náà sì ń tu ìyẹ́ bó ti ń ṣe yẹn, ìyà ìwé yẹn tó jẹ. Ẹ fi ọdún yìí wá ìwé, kí ẹ máa gbé e lọ sí Wales àti Scotland, níbi tí kò sí ibodè CITES kankan láàárín yín. Ẹ ó ti mọ̀ níbẹ̀ bóyá Àkànní lè fara da ọkọ̀. Àwọn kan máa ń bì bíi aboyún bí ọkọ̀ bá ti ń mì.

Inú ọkọ̀ gan-an ló sì ń kó mi láyà sókè ju ibodè lọ. Ẹ lọ wo ilé ìdáná motorhome yẹn. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ wà níbẹ̀, àbí? Ẹ gbé e jáde, títí kan irú aṣọ dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sínú oven. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, èéfín tí ẹ̀yin kò ní gbóòórùn á jáde lára rẹ̀, ẹyẹ á sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ ń fa atẹ́gùn ju tiwa lọ, nítorí náà májèlé inú atẹ́gùn máa ń tètè pa á. Níbi tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹyẹ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn irú ìjàǹbá yìí ti máa ń kú kí a tó ṣí ilẹ̀kùn kéèjì. Irin tàbí páànù tí kò ní nǹkan lára ni kí ẹ lò. Kí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún carbon monoxide wà nínú ọkọ̀, kí fèrèsé sì ṣí díẹ̀ nígbà tí gáàsì bá ń jó.

Ẹ fi bẹ́líìtì so kéèjì mọ́ ìjókòó, ẹ yọ gbogbo ohun ìṣeré tó ń jì wàrà-wàrà, ẹ fi igi ìdúró rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, omi abọ́ á dà nù, kùkúḿbà tàbí ápù á mú un dé ibi ìsinmi. Ata rodo kò ní ta á, ẹ fún un bó bá fẹ́. Ẹyẹ kì í gbọ́ títa ata. Píà, ìyẹn avocado, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n ń gbìn ín gan-an létíkun Málaga, olówó pọ́ọ́kú ni, aládùúgbò yín ní ibùdó á sì fẹ́ fi tọrẹ fún ẹyẹ. Májèlé ni fún un. Ṣokoléètì náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má lọ sí gúúsù Sípéènì ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ẹ lọ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹwàá. Fèrèsé orí òrùlé motorhome ni ẹyẹ sábà máa ń bá jáde, kí ẹ wò ó kí ẹ tó ṣí kéèjì. Kí òun náà sì sùn tó wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, bí àwọn ará Sípéènì ò bá tilẹ̀ tíì jẹ oúnjẹ alẹ́.

Mo mọ odídẹrẹ́ oníbàárà wa kan tó kọ́ bí motorhome ṣe ń ké “pííp, pííp” tó bá ń padà sẹ́yìn. Bó bá ti dún un ní ibùdó, gbogbo ènìyàn á fò kúrò lọ́nà. Ẹ máa kìlọ̀ fún aládùúgbò.

Ìyá Ẹyẹ, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní òun lè bá mi ra ọmọ odídẹrẹ́ lọ́jà, kó fi ọkọ̀ gbé e gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kùtọnu, kí ẹnì kan sì gbé e wọ bàálù síbí. Ó ní owó rẹ̀ kéré sí ti Lọ́ńdọ̀nù. — D. A., Peckham

Rárá o. Òfin Nàìjíríà láti 1985 kò fàyè gba irú òwò yìí, European Union sì ti fòfin de kíkó ẹyẹ igbó wọlé pátápátá ní 2007, nígbà tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹyẹ yẹn, inú ihò igi ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tó bá sì yè nínú wọn kò tó nǹkan. Bí odídẹrẹ́ bá wù yín, ẹ wá ẹni tó ń sìn wọ́n níbí, kí ẹ gba ìwé rẹ̀ ní kíkún. Ó lè gbé ọdún 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó máa jogún rẹ̀.

Ẹ ǹlẹ́ mà. Cockatiel, ẹyẹ kékeré tó bá odídẹrẹ́ tan, ni tèmi, Houston la wà, a fẹ́ fi motorhome lọ sí Kánádà. Ṣé gbogbo wàhálà CITES yìí kàn mí? — Fẹ́mi

Ti CITES kò kàn ọ́, Fẹ́mi. Cockatiel àti budgerigar wà lára ìwọ̀nba ẹbí odídẹrẹ́ tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Ìwé ìlera ló kù, pàápàá ti àtipadà wọ Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ USDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ni kí o ti béèrè kí o tó gbéra. Cockatiel tún máa ń já lójijì lóru, bí òkùnkùn bá ṣú biribiri, á máa fi ìyẹ́ gbá kéèjì títí yóò fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ra iná kékeré tó ń lo bátìrì, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kéèjì, má sì fi aṣọ bo gbogbo rẹ̀.